Ajá Corgi ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú: ṣé ó yẹ ilé tó lọ́mọ kékeré?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Swansea ni èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì ń gbé; ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún méje, èkejì ọmọ ọdún mẹ́rin. Àwọn ọmọ ò jẹ́ ká gbádùn, Corgi ni wọ́n fẹ́, irú ajá tí Ọbabìnrin Elizabeth máa ń sìn. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ tà á fún wa. Ó ní Pembroke gidi ni, torí kò nírù. Ṣùgbọ́n Corgi aládùúgbò wa sáré tẹ̀ lé àbúrò lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì fi eyín gbá a mú ní gìgísẹ̀. Ìyá mi ní ajá tẹ́sẹ̀ ẹ̀ kúrú báyẹn, arọ ni, ẹ̀yìn ni yóò pa á. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ajá orí àga ni, kò fẹ́ ìrìn. A sì ń gbèrò láti padà sí Ìbàdàn lọ́jọ́ iwájú. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀ nínú wọn? Ṣé ká rà á ni àbí ká má rà á?”

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ o. Ó jọ pé nǹkan bíi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ béèrè, ṣùgbọ́n orísun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní. Ẹsẹ̀ tó kúrú, eyín tó ń wá gìgísẹ̀ kiri, gbígbó tí kì í tán lẹ́nu rẹ̀, títí kan ẹ̀yìn tí ìyá yín ń bẹ̀rù, iṣẹ́ màlúù ló kó gbogbo wọn bá Corgi. Ẹni tó bá ra Corgi, ajá darandaran ló rà, ì báà jẹ́ inú àwòrán ààfin ló ti kọ́kọ́ rí i. Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ ó rí i pé apá kan òótọ́ wà lẹ́nu ìyá yín, ajá aládùúgbò yín sì ti fi apá kan hàn yín. Ọ̀rẹ́ yín tó pè é ní ajá orí àga nìkan ni kò mú nǹkan kan níbẹ̀.

Ìwọ̀ oòrùn Wales ni ilé rẹ̀, kò sì jìnnà sọ́dọ̀ yín: Pembrokeshire, àti Cardiganshire àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ceredigion báyìí. Ilẹ̀ olókè ni, oko ibẹ̀ kò tóbi, màlúù sì ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ibẹ̀ ń sìn. Kó tó di pé ọkọ̀ ojú irin dé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń da màlúù láti Wales lọ sí àwọn ọjà England, títí dé Smithfield ní Lọ́ńdọ̀nù. Ajá tó lè mú kí màlúù rìn ṣe pàtàkì fún wọn ju ajá tó lẹ́wà lọ. Ọwọ́ iṣẹ́ Corgi yàtọ̀ sí ti Border Collie tí ẹ máa ń rí lẹ́yìn àgùntàn. Collie a yí agbo po, a ba, a tẹjú mọ́ ẹran títí ẹran yóò fi yà síbi tó fẹ́. Corgi kò ní sùúrù ìyẹn. Ẹ̀yìn ẹran ló ń gbà, a yà sọ́tùn-ún, a yà sósì, a máa gbó, màlúù tó bá sì dúró pé òun fẹ́ jẹko, a gé e jẹ ní gìgísẹ̀. Ẹ wo bí èyí tó mọṣẹ́ ṣe ń ṣe é: kì í gé ẹsẹ̀ tí màlúù gbé sókè, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó tẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi gbé ara rẹ̀ ró ló ń gé, torí ẹsẹ̀ yẹn kò lè tani nípàá lójú ẹsẹ̀. Bó bá ti gé e tán, a lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìpá tí màlúù bá wá ta, òkè orí rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ajá tó ga, àgbọ̀n ni ìpá yẹn ìbá ti bá a. Nítorí náà, ẹsẹ̀ kúkúrú tí ìyá yín torí rẹ̀ pe ajá yìí ní arọ, òun gan-an ni àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn ń wá nígbà tí wọ́n bá ń yan akọ àti abo tí wọn yóò fi mú irú. Nígbà tí kò bá sí màlúù lọ́nà, òun náà ló ń lé eku nínú àká, tó sì ń gbó mọ́ àlejò ní ẹnu ọ̀nà oko.

Irú méjì ni wọ́n, Pembroke àti Cardigan. Ní 1925 ni àwọn tó fẹ́ràn wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Carmarthen, ṣùgbọ́n títí di 1934 ni Kennel Club, ẹgbẹ́ tó ń fi orúkọ ajá sílẹ̀ ní Britain, fi kà wọ́n sí irú kan ṣoṣo, tí wọ́n ń díje pọ̀ níwájú adájọ́ kan náà, tí àwọn kan sì ń fi tibí gun tọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra tó bẹ́ẹ̀ tí aráyé ń ṣì wọ́n mú. Àwọn kan ní ẹbí Dachshund, ajá gígùn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, ni Cardigan, pé Pembroke ló bá àwọn ajá onírun púpọ̀ ìhà àríwá Yúróòpù tan, pé àwọn ahunṣọ Flanders ló kó o wọ Pembrokeshire ní ọ̀rúndún kejìlá. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni, ẹ má fi owó lé e lórí. Ohun tó dájú ni ohun tí ojú rí. Pembroke ló fúyẹ́ jù: ìwọ̀n Kennel Club fún akọ rẹ̀ ni 10 sí 12 kìlógíráàmù, abo 9 sí 11, gíga rẹ̀ láti èjìká dé ilẹ̀ sì jẹ́ 25 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Etí rẹ̀ ṣóńṣó, ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kọjú síwájú gbọọrọ, pupa tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú pẹ̀lú funfun láyà àti lẹ́sẹ̀ ló wọ́pọ̀ lára rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú oníyẹ̀rì pupa náà wà. Cardigan nípọn jù ú lọ, akọ rẹ̀ lè wọn 13 sí 17 kìlógíráàmù. Etí rẹ̀ tóbi, ó sì rí róbótó lórí, àtẹ́lẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ yà síta díẹ̀, ìrù rẹ̀ gùn, ó kún fọ́fọ́ bíi ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ti Pembroke lọ: pupa, dúdú, onílà-ílà, àti èyí tó dà bí eérú tó ní àmì dúdú káàkiri, tí wọ́n ń pè ní blue merle. Ní ti ìwà, Cardigan a máa fara balẹ̀ wo àlejò kó tó sún mọ́ ọn. Pembroke ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn tán.

Ibi ìrù yìí ni ẹni tó fẹ́ tajá fún yín ti fẹ́ rẹ́ yín jẹ, bí kò bá jẹ́ pé òun náà ò mọ̀. Àìnírù kì í ṣe ẹ̀rí pé Pembroke jẹ́ ojúlówó. Àwọn Pembroke kan wà tí a bí láìnírù tàbí pẹ̀lú kùkùté ìrù, jíìnì kan, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara, ló ń fà á. Ẹ̀dà kan jíìnì náà tó láti gé ìrù kúrú. Ọmọ tó bá gba ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ bàbá, kan lọ́dọ̀ ìyá, kì í yè, inú ìyá rẹ̀ ló ti ń kú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í mọ̀ọ́mọ̀ fi akọ aláìnírù gun abo aláìnírù. Ọ̀pọ̀ èyí tí ẹ ń rí nínú àwòrán àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ láti inú ìyá, gígé ni wọ́n gé ìrù wọn lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbí. Láti 2007 ni òfin ti dá ìyẹn dúró ní Wales àti England, àfi fún ìtọ́jú àìsàn àti fún irú àwọn ajá iṣẹ́ kan tí òfin là sílẹ̀; Corgi kò sí lára wọn. Ọmọ Pembroke tí kò nírù ní Swansea lónìí, a jẹ́ pé a bí i bẹ́ẹ̀, tàbí wọ́n kó o wọlé láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gé e, tàbí ẹnì kan ti rú òfin. Ẹ ní kó fi èsì àyẹ̀wò jíìnì ìrù hàn yín. Pembroke tó nírù gígùn kò fi ohunkóhun dín, ìrù náà tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọmọdé mọ ìgbà tí inú ajá dùn àti ìgbà tí kò dùn.

Ọ̀rọ̀ ààfin ló jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín rò pé ajá orí àga ni. Òótọ́ ni pé ní 1933 ni bàbá Elizabeth, tó padà di Ọba George Kẹfà, ra Corgi kan tó ń jẹ́ Dookie wá sílé, pé ní 1944 ni wọ́n fi Susan ta Elizabeth lọ́rẹ fún ọjọ́ ìbí rẹ̀ kejìdínlógún, àti pé Corgi tó sìn láyé rẹ̀ lé ní ọgbọ̀n, ọmọ àti àrọ́mọdọ́mọ Susan sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n adé kò gba eyín lẹ́nu ajá. Ní 1991, wọ́n ní láti rán ọwọ́ Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ nígbà tó fẹ́ la àwọn ajá rẹ̀ níjà. Kò yé mi ìdí tí wọ́n kì í fi í sọ ìyẹn fún àwọn tó ń bọ̀ wá ra ọmọ ajá. Òkìkí yìí náà ló ń gbé iye wọn sókè sódò: ní 2014, ọmọ Pembroke 274 péré ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Kennel Club, tí wọ́n fi kà á mọ́ àwọn ajá ìbílẹ̀ tó fẹ́ run, lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn èèyàn tún ya bò ó. Ìgbà tí èèyàn bá ya bo ajá báyìí ni ayédèrú olùtajá máa ń pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ìyá yín dáadáa, torí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣeé gbé jù sẹ́yìn. Corgi kì í ṣe arọ. Gbogbo ajá ló ní jíìnì kan tó ń jẹ́ FGF4. Corgi ní ẹ̀dà àfikún rẹ̀ kan lórí kírómósómù (okùn tí àwọn jíìnì tò sí) kejìdínlógún, èyí tó ń jẹ́ kí eegun rírọ̀ tó ń mú ẹsẹ̀ gùn tètè jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ní 2009 ni àwọn onímọ̀ tú àṣírí yìí, wọ́n sì bá ẹ̀dà kan náà lára Dachshund àti Basset Hound. Ẹsẹ̀ nìkan ni ó bù kúrò; àyà, orí àti iṣan rẹ̀ ṣì jẹ́ ti ajá ńlá. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, ǹ bá ní kẹ́ ẹ sọ fún ìyá yín pé kí ọkàn wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà àfikún mìíràn tún wà lórí kírómósómù kejìlá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní 2017, ọ̀pọ̀ Corgi ló sì ní òun náà. Láàárín eegun ẹ̀yìn kan àti èkejì ni tìmùtìmù kékeré kan wà, tí inú rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ. Lára ajá tó ní ẹ̀dà kejì yìí, inú tìmùtìmù náà a gbẹ, a sì le láti kékeré. Lọ́jọ́ kan tí ajá fò sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, tàbí tó kàn yíra padà lásán, ó lè bẹ́, ohun líle inú rẹ̀ a sì tẹ okùn iṣan tó gba àárín eegun ẹ̀yìn kọjá.

Àmì rẹ̀ kì í fara sin fún ẹni tó mọ ohun tó yẹ kó wò. Ajá tó máa ń sáré gun àtẹ̀gùn á dúró nísàlẹ̀, á máa wò yín. Á ká ẹ̀yìn sókè, inú rẹ̀ á le, á ké bí ẹ bá gbé e. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, tàbí kó máa wọ́ wọn nílẹ̀, tàbí kó má lè tọ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ gbé e sínú àpótí ajá tí kò fi ní lè rìn, kí ẹ sì pe dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fún un ní ibuprofen yín. Ó lè dá ihò sí i nínú ikùn, ó sì lè ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Èyí tí kò le púpọ̀, ìsinmi pátápátá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà pẹ̀lú oògùn ìrora lè wò ó sàn. Èyí tí kò lè dá ẹsẹ̀ gbé mọ́, iṣẹ́ abẹ ló kù, owó rẹ̀ sì máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn. Ajá tí wọ́n bá tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gidigidi tí kò mọ̀ ọ́n lára rárá, wákàtí ni ẹ ó máa kà, ẹ má dúró di ọ̀la. Ẹ gba ìbánigbófò ajá lọ́jọ́ tí ẹ bá mú un wálé, kí ẹ sì kà á dáadáa bóyá ó san owó àrùn ẹ̀yìn.

Àrùn ẹ̀yìn kejì wà tí wọ́n máa ń ṣì mú fún èyí. Òun kì í dunni. Ajá tó ti dàgbà, tó sábà máa ń ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í ha èékánná ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ kọnkéré, ìdí rẹ̀ á máa yí bó bá fẹ́ yà, títí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò fi kú pátápátá láàárín oṣù mélòó kan sí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Degenerative myelopathy lorúkọ rẹ̀, àṣìṣe nínú jíìnì SOD1 ló ń fà á, kò sì lóògùn. Ó wọ́pọ̀ lára Pembroke ju lára Cardigan lọ. Àyẹ̀wò rẹ̀ wà, itọ́ ẹnu ajá ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èsì rẹ̀ dẹ́rù bà yín ju bó ṣe yẹ lọ: ajá tó ní ẹ̀dà àṣìṣe méjì wà nínú ewu, kì í ṣe pé ó di dandan kó ṣe é. Ẹ̀dà méjì yìí pọ̀ láàárín Pembroke débi pé bí gbogbo olùsìn bá kọ irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ ìran náà yóò dínkù, àrùn mìíràn á sì gba ibẹ̀ wọlé. Ohun tó bójú mu ni kí wọ́n fi ẹni tó ní in gun ẹni tí kò ní in rárá. Gbogbo ọmọ wọn yóò ní ẹ̀dà kan ṣoṣo, ẹ̀dà kan ṣoṣo kì í sì í sábà mú àrùn náà wá.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni ìwọ̀n ara. Corgi fẹ́ràn oúnjẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa wò yín bí ẹni tí wọn ò fún lóńjẹ láti àná. Kìlógíráàmù kan lé lórí ajá 11 kìlógíráàmù, bíi ká fi méje lé ọkùnrin 80 kìlógíráàmù ni, eegun ẹ̀yìn gígùn yẹn ló sì ń rù ú. Ẹ fi ìka yín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ẹ gbọ́dọ̀ lè ka egungun ìhà rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́ra, bí ẹ bá sì wò ó láti òkè, ìbàdí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọnú. Ajá 11 kìlógíráàmù tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá nílò bíi kálórì 600 sí 650 lóòjọ́. Ẹ wo ẹ̀yìn àpò oúnjẹ rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ kálórì 360 sí 100 gíráàmù, a jẹ́ pé 170 sí 180 gíráàmù ni gbogbo oúnjẹ ọjọ́ kan, ẹ pín in sí méjì, ẹ fi òṣùwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ife bù ú. Àwọn nǹkan tí ẹ fi ń tù ú nínú nígbà ẹ̀kọ́ kò gbọdọ̀ ju kálórì 60 lọ nínú rẹ̀. Nílé Yorùbá, ọbẹ̀ ni mo máa ń kìlọ̀ fún wọn sí jù. Àlùbọ́sà inú ata wa, tútù tàbí sísè, ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa ajá jẹ́. Ẹ má fi ọbẹ̀ tó ṣẹ́kù po oúnjẹ rẹ̀, ẹ má sì fún un ní egungun adìẹ tí ẹ ti sè. Ṣokoléètì àti èso àjàrà, tútù tàbí gbígbẹ, májèlé ni fún un pẹ̀lú.

Lẹ́yìn oúnjẹ, fífò ló kù. Ẹ má jẹ́ kó máa fò sílẹ̀ láti orí àga tàbí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sì fi ilẹ̀kùn ọmọdé dí ẹnu àtẹ̀gùn títí yóò fi pé ọdún kan ó kéré tán. Bí ẹ bá fẹ́ kó máa gorí àga, ẹ kan pátákó fún un. Àga tó ga ní 45 sẹ̀ǹtímítà, pátákó 130 sẹ̀ǹtímítà ni yóò jẹ́ kí ó dagun díẹ̀díẹ̀. Èyí tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ a dagun jù, ajá a sì fò ó dá. Ẹ lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn lójú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kan lábẹ́ ìdí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní títẹ́. Àwọn ọmọ kò gbọdọ̀ di apá iwájú rẹ̀ mú gbé e sókè, èyí sì ni ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń kọ́kọ́ ṣe. Ìrìn ńkọ́? Àgbà Corgi fẹ́ bíi wákàtí kan lóòjọ́, ẹ lè pín in sí méjì. Bí kò bá rí iṣẹ́ ṣe, yóò wá iṣẹ́ fún ara rẹ̀: yóò máa gbó mọ́ ẹni tó ń mú lẹ́tà wá, yóò máa da àwọn ọmọ yín kiri ilé. Bó bá jẹ́ ilé tí ògiri yín àti ti aládùúgbò so pọ̀ ni, ẹ ro ti gbígbó yìí dáadáa.

Gìgísẹ̀ ọmọ wá dé. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ọmọ ná: bí eyín bá ti bẹ́ awọ ara, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí dókítà sì wò ó, torí ìdọ̀tí ẹnu ajá àti àrùn ipá. Àrùn dìgbòlugi kò sí lára ajá ní Britain báyìí, ẹ ṣe sùúrù lórí ìyẹn. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ni ẹ ó sáré lọ gbà lọ́jọ́ náà. Ajá yẹn kò bínú sí ọmọ yín. Nǹkan kékeré kan ń sá lọ, ó ń pariwo, apá rẹ̀ ń jù fìrìfìrì: gbogbo ohun tó ń jí iṣẹ́ màlúù lójú Corgi ló pé síbẹ̀. Èyí kò sọ pé kí ẹ fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ní ṣiṣẹ́ fún yín. Lílù kò ní ṣiṣẹ́, ariwo kò ní ṣiṣẹ́. Àwọn méjèèjì ń mú ara rẹ̀ gbóná sí i ni, màlúù náà sá máa ń ta á nípàá tí kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí eré tán ní kété tí eyín bá kan ara. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ pé kí wọ́n dúró sójú kan, kí wọ́n káwọ́ gbera, kí wọ́n má wo ojú rẹ̀, kí àgbàlagbà sì ju ohun ìṣeré rẹ̀ síbòmíràn. Ọmọ ọdún méje lè kọ́ ọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rin á gbàgbé bí ẹ̀rù bá ti bà á, á sá, á ké, ajá á sì rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ gbà. Nítorí náà, ní oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí okùn fífẹ́lẹ́ mítà méjì máa wọ́ tẹ̀ lé e nínú ilé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń ṣeré, kí ẹ lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó tó dé gìgísẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti dùbúlẹ̀ níbi tó bá wà àti láti wá bí ẹ bá pè é, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Ó gbọ́n, kíá ló máa ń mú ẹ̀kọ́. Ẹ má sì fi ajá kankan àti ọmọ kékeré sílẹ̀ ní àwọn nìkan, kódà fún ìgbà tí ẹ fi máa lọ da omi tíì.

Irun rẹ̀, mi ò ní fa á gùn. Ìpele méjì ni, èyí inú rọ̀, ó sì kì, èyí òde le, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ó ń bọ́ lójoojúmọ́, ó sì ń bọ́ bí òjò lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ máa yà á lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀, lójoojúmọ́ ní àsìkò bíbọ́ náà. Ẹ má fá a, kódà nígbà ooru; irun náà ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, ó sì lè má hù bọ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó lé owó torí pé tòun onírun gígùn ni, pé ó ṣọ̀wọ́n, àbùkù ni ìwé òṣùwọ̀n ìran náà ka ìyẹn sí, irun yẹn kì í sì í lé omi dáadáa.

Ìbàdàn ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ajá ò lè làágùn bíi tiwa. Èémí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń tu ara rẹ̀, nígbà tí ọ̀rinrin bá sì pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, èémí yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹ wá fi irun ìpele méjì kún un, ẹ fi ikùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà gbígbóná kún un. Kì í ṣe pé kò lè gbé ibẹ̀, àwọn kan ń gbé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n inú ilé tí afẹ́fẹ́ tútù wà ni yóò ti lo ọ̀sán rẹ̀, kí ìrìn jẹ́ kí aago méje àárọ̀ tó lù tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Eégbọn ibẹ̀ ń gbé kòkòrò Babesia kiri, ẹ̀fọn ń gbé aràn inú ọkàn, ajá tó dàgbà sí Wales kò sì tíì bá wọn pàdé rí. Oògùn ìdènà wọn gbọ́dọ̀ máa lọ lóṣooṣù láìyẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyẹn dára, síbẹ̀ ẹ béèrè kí ẹ tó lọ bóyá iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn ajá ṣeé ṣe nítòsí yín. Ẹ rántí pẹ̀lú pé bí ẹ bá fẹ́ dá a padà sí Britain láti Nàìjíríà, ó gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, kí oṣù mẹ́ta sì kọjá lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà tí èsì rẹ̀ bá dára, kó tó lè wọlé. Corgi lè gbé ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá. Bí ìrìn àjò yín bá wà láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, èmi ò ní rà á.

Bí ìrìn àjò náà kò bá tíì dájú, tí ẹ sì fẹ́ rà á, ìmọ̀ràn mi ni kí ẹ dúró títí àbúrò yóò fi tó ọmọ ọdún mẹ́fà, tàbí kí ẹ wá àgbà Corgi tó ti gbé pẹ̀lú ọmọdé, tí ẹni tó ni ín lè sọ ìwà rẹ̀ fún yín. Irú rẹ̀ máa ń bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba Corgi tí kò nílé mọ́. Láàárín méjèèjì, Cardigan ni mo rò pé ó bá ilé yín mu jù, torí ìfarabalẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n, ẹ lè dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ó tó kàn yín, bẹ́ẹ̀ ni kò fúyẹ́ lápá nígbà tí ẹ bá ní láti gbé e gun àtẹ̀gùn. Ní ti ọkùnrin tó ń tajá yẹn, ẹ pè é padà. Ẹ ní ẹ fẹ́ rí àwọn ọmọ ajá pẹ̀lú ìyá wọn níbi tí wọ́n bí wọn sí. Láti 2021, òfin Wales kò gba kí oníṣòwò tí kò bí ajá fúnra rẹ̀ máa ta ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ẹ béèrè èsì SOD1 bàbá àti ìyá, máàkì ìbàdí wọn (àyẹ̀wò tó ń fi hàn bóyá oríkèé ìbàdí dára), àti àyẹ̀wò von Willebrand, àrùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá. Bó bá jẹ́ Cardigan, ẹ béèrè àyẹ̀wò ojú tí wọ́n ń pè ní rcd3, kí ẹ sì rí i pé bàbá àti ìyá kì í ṣe merle méjèèjì, nítorí ọmọ irú wọn lè fọ́jú, ó sì lè dití. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ó sì ti ní ṣíìpù ìdánimọ̀ lábẹ́ awọ lórúkọ ẹni tó ni ìyá rẹ̀. Bó bá ní ìyá ajá kò sí nílé lónìí, pé kí ẹ jẹ́ ká pàdé níbi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ má lọ.